Ta Ló Ya Àwòrán Opó Jùbrílù?

Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n kó dírónù náà sí wá sí tésàn, àpò tí ìdí rẹ̀ ti ya. Ìsípẹ́kítọ̀ Mọ́láyọ̀ dà á sórí tábìlì. Ìyẹ́ mẹ́rin ló yẹ kó ní, méjì péré ló kù, wọ́n sì ti fi òkúta fọ́ ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára rẹ̀, irin kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Ayọ̀dèjì ni, mà," ni ọlọ́pàá tó gbé e wá wí.

"Mo mọ̀. Ìka rẹ̀ ńkọ́?"

"Dókítà ti gé mẹ́rin. Àtàǹpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún."

Ayọ̀dèjì yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, fóònù ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Òrò, ní ìkángun Ọ̀mù-Àrán. Dírónù, ìyẹn bàálù pẹ́pẹ̀pẹ́ tí ènìyàn máa ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀, kò fi ṣe iṣẹ́ kankan. Fàájì lásán ni. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á gbé e sókè, á máa fi wo òrùlé, oko kajú àti àpáta. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò Àlùbáríkà ti ń kùn pé kámẹ́rà rẹ̀ ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé onílé. Wọ́n bínú, ìbínú wọn sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá, ní àdúgbò náà, kí ìbínú tó tọ̀nà tó di ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń fọ́ lórí búlọ́ọ̀kù.

Àwòrán kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló bọ́ sórí Wásáàpù àdúgbò. Òkè ni wọ́n ti yà á. Suwebat ló wà níbẹ̀, ìyàwó kejì Alàájì Jùbrílù tó kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, kò borí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ọwọ́ ẹni tó lé làálì, ó sì ń rẹ́rìn-ín tí eyín rẹ̀ hàn síta. Opó ni Suwebat. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé lọ́dọ̀ wọn. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ lé làálì, kò gbọdọ̀ ṣoge. Àwọn ààfáà ní ó lè jáde bí ohun tó le bá dé, àmọ́ àṣà ilé Jùbrílù le ju ti ààfáà lọ: ẹsẹ̀ opó kò gbọdọ̀ kọjá ìloro. Ti ẹ̀rín kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n àdúgbò ní ìwé tirẹ̀.

Ìsmáílà, àbúrò olóògbé, ti ránṣẹ́ láti Òkè-Ọdẹ pé òun ń bọ̀ lónìí, Jímọ́ọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọn yóò lé Suwebat jáde, wọn yóò sì gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Husnah, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá. Mọ́láyọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fún ọdún méjìlélógún, ó sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó lu Ayọ̀dèjì kò ṣòro láti mú. Ẹni tó ya àwòrán ni ìdí ọ̀rọ̀, bí kò bá sì rí onítọ̀hún kí oòrùn tó yẹ̀, ọmọ yóò bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó mú káàpù rẹ̀, ó jáde.

*

Ayọ̀dèjì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

"Ṣé ìwọ lo yà á?"

"Rárá, mà."

"Gbogbo ẹni tí mo ti mú rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Bátìrì rẹ̀ ti wú láti Sátidé. Kò lè gbéra mọ́. Mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní ìka wo ni mo fi ń tẹ rìmóòtù."

"O dá wọn lóhùn?"

"Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Mo na ìka náà sí wọn."

Mọ́láyọ̀ kọjú sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, kò sì fẹ́ kí ọmọkùnrin náà rí i.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀. Mi ò mọ gbogbo wọn. Alága àwọn onílé kò fọwọ́ kàn mí o. Ó kàn ń kà á ni."

"Ó ń ka kí ni?"

"Ìka, mà. Ó ní ọ̀kan, ó ní èjì."

"Ayọ̀dèjì, wò mí. Ṣé o ti fi nǹkan yẹn wo ẹ̀yìnkùlé ènìyàn rí?"

Ọmọkùnrin náà kọjú sí ògiri. "Nígbà míì. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣé ó pa á rẹ́?"

Ó fa aṣọ ìbora bo ojú.

"Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ dà?"

*

Wọ́n fọ́ ojú dírónù, wọn kò rántí inú rẹ̀. Mẹ́mọ́rì kékeré tí fídíò ń wọ̀ sí ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ họ. Mọ́láyọ̀ tì í bọ kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀dèjì, ó fa àga, ó jókòó. Fídíò mẹ́tàdínlógún ló bá níbẹ̀, ó sì wo gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òrùlé páànù, okùn aṣọ, èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, àwọn ọmọdé tó ń juwọ́ sókè. Ní gbogbo ilé tí dírónù bá ti dé, ewúrẹ́ á gbójú sókè, adìyẹ á fọ́n ká pẹ̀lú ariwo, ajá á máa gbó afẹ́fẹ́. Ti Sátidé ló kẹ́yìn. Kò sí Suwebat níbì kankan.

Ní fídíò kejìlá, Mọ́láyọ̀ dá kọ̀ǹpútà dúró. Balùwẹ̀ tí kò lórùlé ni, ọkùnrin arúgbó kan sì wà níbẹ̀ ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ọṣẹ bo orí rẹ̀ dé ojú. Ó gbórí sókè, ó la ẹnu, ó wá ń táràrà wá táwẹ́ẹ̀lì. Alága Ọládiípọ̀ ni. Mọ́láyọ̀ bú sẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé balùwẹ̀ ti òun náà kò lórùlé, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá rò ó. Ọkùnrin tí fídíò bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lè fẹ́ kí ọwọ́ tó yà á ṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá àwòrán tó burú, kó fi dí ọmọkùnrin náà lọ́rùn. Alága sì ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun nìkan ló ní i ní gbogbo àdúgbò náà.

*

"Ìyá Ọlọ́pàá!" Alága Ọládiípọ̀ na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú pàṣán lọ́wọ́. "Ṣé ẹ wá dúpẹ́ pé a bá yín ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yín?"

"Wọ́n ní ẹ̀ ń ka ìka."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ni ín."

Alága rọra kó ọwọ́ rẹ̀ padà. "Màdáámù, àṣírí ilé ni ẹ̀wù ènìyàn. Ẹni tó bá bọ́ ọ lára wa, a ò lè kí i kú iṣẹ́. Ìgbà mélòó ni mo kìlọ̀ fún ọmọ yẹn?"

"Lẹ́yìn tí ẹ wẹ̀ tán, àbí kí ẹ tó wẹ̀?"

Ojú Alága yí padà. Kò bèèrè ohun tí Mọ́láyọ̀ ní lọ́kàn.

"Ibo lẹ ti rí àwòrán opó Jùbrílù?"

"Ìsmáílà ló fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbé e sórí Wásáàpù àdúgbò. Nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ ló fi ránṣẹ́ sí òun náà. Ó pè é padà, wọ́n ti pa fóònù."

"Ilé yín yìí ga, Alága. Fèrèsé òkè yẹn kọjú sí ilé Jùbrílù."

"Ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn mí?" Ó mú un lọ́wọ́, ó fà á gun àtẹ̀gùn bí ẹni fa akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Ó ṣí fèrèsé. "Ó yá. Ẹ wò ó fúnra yín!"

Mọ́láyọ̀ wò ó. Igi máńgòrò ńlá kan dúró sáàárín ilé méjèèjì, ewé rẹ̀ sì bo ẹ̀yìnkùlé Jùbrílù pátápátá. Góńgó òrùlé nìkan ló rí, àti orí táǹkì omi aláwọ̀ dúdú kan. Láti ibẹ̀, kámẹ́rà tó dára jù láyé kò lè rí ẹ̀rín obìnrin kankan.

"Mo tọrọ àforíjì," ni Mọ́láyọ̀ wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ yà á."

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ wá bá mi ní tésàn lọ́la nítorí ti ìka. Ẹ mú agbẹjọ́rò dání. Fídíò kejìlá ń dúró dè yín níbẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ìrun Jímọ́ọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin ti ń wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ẹní ìkírun lábẹ́ apá.

*

Obìnrin méjì ló ń ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin kan náà nínú ilé Jùbrílù. Wosilat, ìyálé, wà ní yàrá ọ̀tún. Suwebat, ìyàwó, wà ní yàrá òsì. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Suwebat, ó wọ aṣọ opó tó ti ṣá, ó fi ìborùn wé orí rẹ̀ débi pé ojú nìkan ló kù. Láti Ọjọ́rú ló ti ń sùn pẹ̀lú ìborùn náà.

"Ọmọ mi, fi ọwọ́ ẹ hàn mí."

Suwebat nawọ́. Ó dúdú lóòótọ́, àmọ́ awọ rẹ̀ ti ń bó, ẹran pupa sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀ ní ìdí ìka.

"Làálì kì í bó ènìyàn lọ́wọ́," ni Mọ́láyọ̀ wí.

"Kajú ni, mà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní bí mo bá ṣe ń sunkún tó ni irọ́ mi ń pọ̀ tó."

Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè yẹn ló mọ kajú. Èèpo kóró rẹ̀ ní oje kan tó ń jóni bí iná, tó ń sọ ọwọ́ di dúdú, tó sì ń bó awọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń yan án kí wọ́n tó fọ́ ọ, tí wọ́n sì máa ń fi eérú ra ọwọ́.

"Ta ló ní kí o fọ́ ọ láìyan?"

"Ìyálé mi ni. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ á mú àwọn wúkọ́. Mo tọrọ eérú, wọ́n ní kò sí."

"Ilé tí wọ́n ń fi igi dáná, eérú tán níbẹ̀?"

Suwebat tẹ orí ba. Obìnrin tí kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyálé rẹ̀ láìdáa ni, Mọ́láyọ̀ sì rí i pé kò ì tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí.

"Kí ló wá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ọmọ adìyẹ kan ni, mà. Ó gun orúnkún mi, ó sùn lọ. Ó sùn, ó wá já bọ́, ó tún dìde ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo tì í." Ó fi ọwọ́ tó ti bó bo ẹnu. "Mi ò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí Alàájì ti kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Mọ́láyọ̀ fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

"Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi," ni Suwebat wí. "Ilé bàbá mi wà ní Ìgbàjà. Kí wọ́n ṣáà fún mi ní Husnah. Tẹ́lẹ̀ náà, tí opó bá parí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń lọ."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ?"

"Ìyálé mi nìkan. Mo sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ."

Mọ́láyọ̀ yọ fóònù rẹ̀, ó tún ṣí àwòrán náà. Ó ti wò ó ní ìgbà ogún láti àárọ̀. Ní ìgbà kọkànlélógún, ó fi àtàǹpàkò bo Suwebat mọ́lẹ̀, ó wá wo ohun tó kù.

Adìyẹ ló kù. Àgbébọ̀ pupa kan dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó na ìyẹ́ kan, ó ń wẹ eruku. Ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ fọ́n ká gbangba, ọ̀kan ń ṣá ilẹ̀, ọ̀kan ń mu omi. Ara tù wọ́n.

Èsìẹ́ ni ìyá àgbà Mọ́láyọ̀ ti tọ́ ọ, láàárín adìyẹ. Ó mọ̀ pé adìyẹ tó ní ọmọ kì í fojú di ohun tó bá wà lókè orí rẹ̀. Bí ewé gbígbẹ bá já bọ́, á kígbe. Bí òjìji kan bá kọjá, á kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́. Àṣá ló kọ́ ọ. Nínú fídíò mẹ́tàdínlógún, kò sí adìyẹ kan tó dúró de dírónù, débi tí yóò tún na ìyẹ́ láti wẹ eruku. Gbogbo Ọ̀mù-Àrán ló ti wo àwòrán yìí, bóyá ni a fi lè rí ẹnìkan nínú wọn tí kò sin adìyẹ rí. Obìnrin ni gbogbo wọn ń wò. Òun náà, obìnrin ló wò ní ogún ìgbà, ojú sì tì í.

*

Táǹkì omi náà wà lórí irin gíga mẹ́rin, nínú ọgbà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Àkàbà irin kan fara tì í. Àgbébọ̀ pupa wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ. Mọ́láyọ̀ bọ́ bàtà, ó gun àkàbà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta péré. Ariwo ta. Àgbébọ̀ náà fò sókè, ó kígbe bí ẹni tí olè wọ ilé rẹ̀, ó kó ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn odó.

Mọ́láyọ̀ gun ún dé òkè. Ó gbé fóònù sókè, ó fi àwòrán náà wé ohun tó ń rí. Etí páànù ilé ìdáná gé apá òsì rẹ̀ gan-an bó ṣe gé e nínú àwòrán. Àpótí wà níbi tó wà. Ibí yìí ni wọ́n dúró sí.

"Suwebat!" ó pè é láti òkè. "Ta ló ni adìyẹ yìí?"

Suwebat yọjú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Ìyálé mi ni, mà. Adìyẹ náà kì í gba àlejò. Èmi pẹ̀lú ìyálé mi nìkan ló mọ̀. Husnah pàápàá, ó máa ń ṣá a lẹ́sẹ̀."

"Aago mélòó lo fọ́ kajú ní ọjọ́ Túsìdeè?"

"Mọ́kànlá. Husnah wà ní ilé ìwé."

Ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà. Ọ̀kan wà nínú àwòrán, ọ̀kan wà ní ilé ìwé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mọ́láyọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, àmọ́ adìyẹ kì í jẹ́rìí ní ìpàdé ẹbí. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó nílò ẹnu Wosilat fúnra rẹ̀.

*

Wosilat ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó kí Mọ́láyọ̀ dáadáa, ó sì bèèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti rí àwòrán náà?"

"Níbo ni n ó ti rí i? Fóònù mi wà lọ́wọ́ Ìsmáílà láti ọjọ́ ìsìnkú. Opó ni mí."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n ta yín lólobó kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìsmáílà ní ilé tí dírónù lè yọjú wò láti òkè kì í ṣe ilé tí ọmọbìnrin ń dàgbà sí. Ó ní Òkè-Ọdẹ lòun máa mú Husnah lọ."

Irọ́ ni. Ìsmáílà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Láàárín ìdí táǹkì àti yàrá ni Mọ́láyọ̀ ti hun ún, inú rẹ̀ sì dùn sí bó ṣe hun ún dáadáa.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Wosilat. "Òkè-Ọdẹ kẹ̀? Ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wà. Ta tún ni wọ́n fẹ́ fún, tí wọ́n bá lé ìyẹn?"

"Ti dírónù ni wọ́n ń wí."

"Tí kì í bá ṣe dírónù ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ilé yìí kò lẹ́bi. Ọmọ lè dúró síbẹ̀."

"Kì í ṣe dírónù."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Wosilat gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ó gbé etí ẹní sókè, ó mú fóònù kan jáde, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Mọ́láyọ̀. "Fóònù Alàájì ni. Nọ́ńbà tó fi ń pe àwọn oníkajú ló wà nínú rẹ̀, ẹbí kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gun táǹkì. Èmi ni mo yà á."

"Ẹ sì mọ̀ pé kajú á dà bíi làálì."

"Ogún ọdún ni mo lò nílé yìí kí wọ́n tó gbé ìyàwó wá bá mi. Mi ò bímọ. Lọ́jọ́ tó bí Husnah, ọmú nìkan ló fún un. Ẹ̀yìn mi ló sùn sí, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ ní Fátíà. Màámi ló ń pè mí. Àǹtí ló ń pe ìyá tó bí i. Ó wá jókòó níwájú mi, ó ní àwọn ń lọ sí Ìgbàjà, bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ ra iyọ̀."

"Wọ́n gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Ìyá."

"Mi ò rán wọn ní ìka."

"Ojúlé kẹta sí ibí ni wọ́n ti lù ú. Ẹ gbọ́ igbe rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Wosilat wí. "Mò ń kírun lọ́wọ́ ni." Ó tún mú tẹ̀sùbáà rẹ̀.

*

Lẹ́yìn Àsárì, ẹbí pé sí pálọ̀. Ìsmáílà jókòó sáàárín àwọn àgbà méjì, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo. Àwọn ará àdúgbò kún ojú fèrèsé. Alága Ọládiípọ̀ wà lẹ́yìn, kò jẹ́ kí ojú òun àti ti Mọ́láyọ̀ ṣe mẹ́rin.

Mọ́láyọ̀ rò ó fún wọn láti orí adìyẹ títí dé orí kajú. Ó fi ọwọ́ Suwebat hàn wọ́n. Ó gbé fóònù Jùbrílù kalẹ̀. Àwọn àgbà mi orí, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń sunkún. Suwebat sì gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú. Àlùbáríkà wọ inú yàrá náà, lójú Mọ́láyọ̀, fún bíi ìṣẹ́jú kan.

"Ṣé òótọ́ ni, Ìyàwó Àgbà?" ni Ìsmáílà bi Wosilat.

"Òótọ́ ni. Ẹ fi mí ṣe ohun tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má mú ọmọ lọ sí Òkè-Ọdẹ. Màdáámù ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ mú un lọ."

Ìsmáílà yíjú sí Mọ́láyọ̀. "Èmi? Mi ò ronú kàn án rí."

Mọ́láyọ̀ rí i bó ṣe ń ronú kàn án nísinsìnyí.

"Ọ̀kan ṣí orí, ó ń rẹ́rìn-ín nínú opó ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìsmáílà wí, jẹ́jẹ́. "Ìkejì gun òkè nínú opó ẹ̀gbọ́n mi, ó fi fóònù òkú tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀. Ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ dàgbà láàárín àwọn méjèèjì. Òkè-Ọdẹ dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màdáámù, a dúpẹ́ ìmọ̀ràn."

"Suwebat kò ṣẹ̀! Òun ló bí ọmọ rẹ̀!"

"Ó rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Ẹ̀yin mú ọ̀daràn yín, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ wa. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kóòtù wà ní Mọ́ńdè."

Mọ́láyọ̀ wo àwọn àgbà. Ẹni tó ń sunkún ti nu ojú rẹ̀, ó sì ń mi orí sí ti Ìsmáílà pẹ̀lú.

Husnah ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó bọ́ aṣọ. Ìsmáílà gbé e ka ọ̀kadà láàárín òun àti ẹni tó ń gùn ún, ó sì dì í mú láyà. Ọmọ náà rò pé ibi kan tó dára ni wọ́n ń lọ, àfi ìgbà tó wẹ̀yìn tó rí àwọn obìnrin méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi!"

Àwọn méjèèjì ló dáhùn. Wosilat jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Suwebat sáré, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kọjá ìloro, ó tẹ ilẹ̀ ìta.

"Ẹ jẹ́rìí o," ni Ìsmáílà wí láti orí ọ̀kadà. "Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Opó ń jáde."

Àwọn ará àdúgbò ti yọ fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà.

"Jáde, ọmọ mi!" ni Mọ́láyọ̀ kígbe. "Sáré! Lọ gba ọmọ ẹ!"

Suwebat wò ó. Ó wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tí irọ́ rẹ̀ kóni sí wàhálà, tó tún ń gbani nímọ̀ràn. Ó wo àwọn fóònù. Mọ́láyọ̀ rí ohun tó ń rò lójú rẹ̀ bíi pé ó sọ ọ́ jáde: pé bí òun bá parí opó yìí dáadáa, láìṣẹ̀, láìrẹ́rìn-ín, wọn yóò rí i, wọn yóò sì dá ọmọ padà.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ọ̀kadà gbéra.